Georg Meier ará Jámánì: kí ló dé tí orúkọ ẹ̀ ò sí láàrin àwọn olúborí àgbáyé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn eré máṣíìnì, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti bá orúkọ Georg Meier pàdé, ará Jámánì kan tí wọ́n máa ń pè ní Schorsch, kẹ́ ẹ sì kà á níbì kan pé òun ló gba oyè ní 1938, pé kò sẹ́ni tó lè lé e bá lórí 500cc nígbà yẹn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wá lọ wo orúkọ gbogbo àwọn tó ti jẹ olúborí àgbáyé látìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa wá a tì. Kò sí níbẹ̀. Les Graham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ máa bá lókè pátápátá fún 500cc, ọdún 1949. Ibẹ̀ ni iyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan á ní irọ́ làwọn ará Jámánì ń pa, ẹlòmíì á ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló rẹ́ ẹ jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, torí kò sẹ́ni tó rẹ́ ọkùnrin náà jẹ, kò sì sẹ́ni tó purọ́, òfin ọdún kan la ń fi ka ọdún míì.

Ìdáhùn kúkúrú ẹ̀ rèé: nígbà tí Meier ń borí, oyè àgbáyé ò tíì sí. Nígbà tí wọ́n máa dá oyè náà sílẹ̀, wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́ Jámánì nítorí ogun. Ohun tó sì jẹ́ kí máṣíìnì ẹ̀ lágbára, wọ́n ti fòfin dè é. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, àwọn èèyàn sì máa ń pa wọ́n pọ̀ mọ́ra, ìdí tó fi máa ń rú wọn lójú nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú un látọ̀dọ̀ ọkùnrin náà fúnra ẹ̀. November 9, 1910 ni wọ́n bí i, ní Mühldorf, ìlú kan létí odò Inn ní Bavaria, apá gúúsù Jámánì. Schorsch yẹn kì í ṣe orúkọ míì o, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe máa ń pe Georg nínú ilé nìyẹn. Ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ ṣe, ọlọ́pàá orí máṣíìnì, nígbà tó yá wọ́n kó òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wọ iṣẹ́ sójà, ibẹ̀ ló sì ti ń bá wọn lọ sí ìdíje inú ẹrẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa fi odindi ọjọ́ mẹ́fà gun máṣíìnì kọjá lórí òkè àti nínú igbó, tó jẹ́ pé kì í ṣe eré sísá nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wò ó bóyá ìwọ àti máṣíìnì ẹ máa parí ẹ̀ láìdẹnu kọlẹ̀. Ó le débi pé wọ́n fún un lórúkọ ìnagijẹ, Gusseiserner Schorsch, ìyẹn Schorsch Onírin, irú irin tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì dà, tí kì í tẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà, ẹ máa rí i pé orúkọ náà bá a mu.

1938 ló bọ́ sórí ọ̀dà fún BMW. Ọmọ ọdún 27 ni, tí òkìkí ẹ̀ sì jẹ́ ti inú ẹrẹ̀. Ìdíje ńlá tí wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ ní June ọdún yẹn ni Senior TT, eré 500cc tí wọ́n ń sá lójú títì ní Isle of Man, erékùṣù kan láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, kò sì jẹ́ nǹkan kan níbẹ̀, ihò tí wọ́n ń yí púlọ́ọ̀gì sí ló bàjẹ́, ó gbéra pẹ̀lú sílíńdà kan dípò méjì, kò sì lọ jìnnà tó fi dúró. Ẹni tó bá ti gun máṣíìnì tí púlọ́ọ̀gì ẹ̀ kan ò ṣiṣẹ́ rí mọ bí ìyẹn ṣe máa ń rí. Harold Daniell tó gun Norton, máṣíìnì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló borí lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, Meier borí ní Bẹ́ljíọ́mù, ó borí ní Netherlands, ó borí nílé lọ́hùn-ún ní Jámánì, ó tún borí ní Ítálì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún kan, ọdún tó jẹ́ àkọ́kọ́ ẹ̀ lórí ọ̀dà.

Ní báyìí, oyè wo ni wọ́n fún un? Oyè olúborí Yúróòpù. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀, torí òun lọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Láti 1924 títí dé 1937, ìdíje kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń mú olúborí Yúróòpù, wọ́n á yan ìlú kan lọ́dọọdún, wọ́n á pe réèsì ibẹ̀ ní Grand Prix Yúróòpù, ẹni tó bá borí lọ́jọ́ kan yẹn ló gbà á. Tí òjò bá rọ̀, tí ṣéènì ẹ bá já, ó di ọdún tó ń bọ̀. 1938 ni wọ́n yí i padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka máàkì láti oríṣiríṣi ìdíje ní orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, kí wọ́n tó ro ó pọ̀ níparí ọdún. Ṣẹ́ ẹ rí i, bí wọ́n ṣe ń mú olúborí àgbáyé títí dòní nìyẹn gan-an. Meier ló kọ́kọ́ gbà á ní 500cc lábẹ́ ètò tuntun yẹn.

Ẹlòmíì á wá ní "Yúróòpù nìkan kọ́ layé." Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo àwọn tó ń ṣe máṣíìnì eré nígbà yẹn: Norton àti Velocette láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BMW, DKW àti NSU láti Jámánì, Moto Guzzi àti Gilera láti Ítálì. Ẹni tó bá borí gbogbo àwọn wọ̀nyí, ibò ló tún fẹ́ lọ? Kódà nígbà tí wọ́n dá oyè àgbáyé sílẹ̀ ní 1949, ìdíje mẹ́fà ló wà níbẹ̀ fún 500cc, Yúróòpù sì ni gbogbo wọn wà: Isle of Man, Switzerland, Netherlands, Bẹ́ljíọ́mù, Ulster, àti Ítálì. Ọ̀nà kan náà, ẹgbẹ́ kan náà ló ń darí ẹ̀, orúkọ ló yàtọ̀. Èmi ò sọ pé kẹ́ ẹ máa pè é ní olúborí àgbáyé o, torí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ìwé, ohun tí mò ń sọ ni pé kẹ́ ẹ má fojú oyè kékeré wo èyí tó gbà.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sídìí máṣíìnì ẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìdajì ìtàn náà wà. Type 255 ni BMW ń pè é, àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n sí Kompressor. 492cc ni, sílíńdà méjì tó nà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì bí ẹni la apá méjèèjì, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i kó má bàa gbóná jù. Ṣáfìtì ló fi ń yí táyà ẹ̀yìn, kì í ṣe ṣéènì. Nǹkan bí 60 agbára ẹṣin ló ní, ó sì lè lé ní 200 kìlómítà ní wákàtí kan, kí gbogbo ara ẹ̀ sì má ju nǹkan bí 138 kílò lọ. Ẹ fi wé ọ̀kadà 100cc tàbí 125cc tá à ń gùn, tí agbára ẹ̀ ò tó ìdá márùn-ún ìyẹn, ọdún 1938 la sì ń sọ o, lórí táyà tín-ín-rín àti ọ̀nà tí wọn ò tẹ́ bíi ti òde òní.

Kí wá ni kompressor? Ẹ ti rí alágbẹ̀dẹ àti ẹwìrì ẹ̀ rí. Iná ẹyín lè máa jó fúnra ẹ̀, àmọ́ kò ní ran irin dáadáa, ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa fẹ́ ẹwìrì kí atẹ́gùn máa wọlé tipátipá, ìgbà yẹn ni iná á tó gbóná. Ẹ́ńjìnnì náà nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì lásán, písítìnì ẹ̀ ló máa ń fa atẹ́gùn àti epo wọlé, bí ẹni ń mí, tó bá sì ti ń sáré gan-an, kì í ráyè mí kún, bó ṣe ń fà lọ́wọ́ ni fáàbù ti ń pa dé. Kompressor ni ẹwìrì tí wọ́n so mọ́ iwájú ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ló ń yí i, òun náà wá ń fún atẹ́gùn àti epo pọ̀, ó ń tì í wọ sílíńdà ní tipátipá. 500cc á wá máa ṣe bí ẹni pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ohun tó ń jẹ ju ohun tí ikùn ẹ̀ gbà lọ.

Kí ló dé tí Norton ò ṣe bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Norton lo sílíńdà kan, sílíńdà kan á fà, á sinmi, á tún fà, ẹwìrì sì ń fẹ́ láìdúró, kì í bá ara wọn rìn dáadáa, atẹ́gùn á máa dà lu ẹnu ọ̀nà tó ti pa dé. Sílíńdà méjì ti BMW ń gba ẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn, ọ̀kan ń fà bí èkejì ń sinmi. Ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn fún wọn.

Kì í ṣe pé kompressor kàn ń gbé èèyàn borí lọ́fẹ̀ẹ́ sha. Epo ló ń jẹ bí ẹni ò jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta. Paipu tó gbé atẹ́gùn láti iwájú lọ sẹ́yìn sílíńdà gùn, tẹ́ ẹ bá yí ọwọ́ agbára kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀, tó bá sì máa dáhùn ó lè jẹ́ àárín kọ́nà ló ti máa bú jáde lójijì. Ṣáfìtì náà máa ń mú kí ẹ̀yìn ẹ̀ gbé sókè tàbí kó rì sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń fi agbára sí i tàbí tẹ́ ẹ ń yọ ọ́. Àwọn Norton yí kọ́nà jù ú lọ fíìfíì. Ẹni tó bá máa fi irú BMW yẹn borí ní Isle of Man gbọ́dọ̀ ní apá tó le, kó sì ní sùúrù. Fún ìdí yìí, mi ò gba ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé máṣíìnì ló borí, kì í ṣe ọkùnrin náà.

Ó wá kan June 1939. Ìjọba Hitler ló wà lórí àlééfà, gbogbo ibi tí ọmọ Jámánì bá ti borí ni wọ́n ti ń fi polongo ara wọn, a ò lè fi ìyẹn pamọ́ tá a bá ń sọ ìtàn yìí, sójà sì ni Meier fúnra ẹ̀. BMW kó èèyàn mẹ́ta lọ sí Isle of Man: Meier, Karl Gall ọmọ Ọ́stríà tó jẹ́ àgbà nínú wọn, àti Jock West tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gall ṣubú nígbà tí wọ́n ń dánra wò, nítòsí afárá Ballaugh, ó sì kú kí ọjọ́ ìdíje tó pé. Ẹ ro bó ṣe máa rí lára àwọn méjì tó kù. Wọ́n ní kí wọ́n máa bá eré lọ, wọ́n sì lọ.

Ọ̀nà TT kì í ṣe pápá ìdíje tí wọ́n kọ́ o, títì gidi ni, ó gba inú abúlé kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri òkúta àti ilé èèyàn, ó gun orí òkè Snaefell, kọ́nà ẹ̀ ju igba lọ. Ìgbà kan tẹ́ ẹ bá yí i po jẹ́ nǹkan bí 60.7 kìlómítà, ìgbà méje ni wọ́n sì ń yí i po nínú Senior, ìyẹn 425 kìlómítà. Meier ṣe é ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 57 àti díẹ̀, ó sáré tó 143.8 kìlómítà ní wákàtí kan tá a bá pín in dọ́gba. Jock West ló ṣe ipò kejì, Freddie Frith tó gun Norton ló ṣe ipò kẹta. Kí n fi òótọ́ kan sí i kó má di pé mò ń pọ́n ọkùnrin mi lé ju bó ṣe yẹ lọ: Norton ò kó ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ wọn wá lọ́dún yẹn, iṣẹ́ máṣíìnì sójà ti gbà wọ́n lọ́wọ́, Frith àti Daniell wá pẹ̀lú Norton tí kò tuntun. Ìyẹn ò sọ ìborí Meier di asán, àmọ́ ó yẹ kéèyàn mọ̀.

Ibí yìí náà ni ohun kejì tó máa ń rú èèyàn lójú wà. Ẹ máa rí i kà pé Meier ni "àlejò àkọ́kọ́ tó borí TT." Kò rí bẹ́ẹ̀. TT pín sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ nípa bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó. Omobono Tenni ọmọ Ítálì ti borí nínú Lightweight, ti 250cc, ní 1937 pẹ̀lú Moto Guzzi, Ewald Kluge tóun náà jẹ́ ọmọ Jámánì sì borí nínú ọ̀wọ́ kan náà ní 1938 pẹ̀lú DKW. Senior, ti 500cc tó jẹ́ olórí gbogbo wọn, ni ti Meier. Ẹlòmíì tún máa ń sọ pé BMW ni máṣíìnì àjèjì àkọ́kọ́ tó borí Senior, ìyẹn náà kọ́: Indian láti Amẹ́ríkà ti gbà á ní 1911, kódà ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta ni wọ́n kó lọ́jọ́ náà, Stanley Woods ọmọ Dublin sì fi Moto Guzzi gbà á ní 1935. Ohun tí Meier ṣe ni pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ láti òkè òkun Yúróòpù lọ́hùn-ún tó wá fi máṣíìnì ilẹ̀ ara ẹ̀ gba Senior lọ. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ báyìí, kò sẹ́ni tó máa já yín nírọ́.

Lọ́dún yẹn náà, ó tún lọ sí Bẹ́ljíọ́mù, lórí ọ̀nà Spa, ó yí i po ní ohun tó lé ní 100 máìlì ní wákàtí kan, ìyẹn 161 kìlómítà. Òun ni wọ́n kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀ pé ó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Grand Prix máṣíìnì. Ọdún náà ti ń dùn bọ̀, ẹni tó bá wo bó ṣe ń lọ á rò pé oyè ti tún dọ́wọ́ ẹ̀.

Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yẹn, wọ́n ní kó máa wa mọ́tò fún Auto Union, ilé iṣẹ́ Jámánì kan tó ní ọ̀kan lára àwọn mọ́tò eré tó yára jù láyé nígbà náà, torí àwọn tó ń gun máṣíìnì ni wọ́n rí pé wọ́n mọ̀ ọ́n wà, Bernd Rosemeyer tó kú ní 1938 náà ti orí máṣíìnì wá. Ní July, ní Reims nílẹ̀ Faransé, Meier dúró gba epo, epo dà, iná sọ, ó jó o lápá. Ó padà wọ mọ́tò náà, ọwọ́ kan ló fi wa ìyókù, ó sì ṣe ipò kejì lẹ́yìn Hermann Paul Müller. Schorsch Onírin nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ṣubú lórí máṣíìnì nínú ìdíje ní Suwídìn, ó fara pa, kò lè gun mọ́ lọ́dún yẹn. Dorino Serafini ọmọ Ítálì, pẹ̀lú Gilera sílíńdà mẹ́rin tóun náà ní kompressor, ló borí àwọn ìdíje tó kù, òun ló gba oyè Yúróòpù 1939. September, ogun bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún 28 ni Meier.

Nígbà tí ogun parí, ó ti di ẹni ọdún 34. Ìgbà yìí lohun méjì tó kù nínú mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ sọ bẹ̀rẹ̀ sí í wó lé e lórí. Ní 1946 ẹgbẹ́ tó ń darí eré máṣíìnì lágbàáyé, FICM, fòfin de kompressor. Epo tó wà nígboro lẹ́yìn ogun ò dáa, ẹ́ńjìnnì tó ń fún epo pọ̀ bẹ́ẹ̀ ò lè gbé e. Àwọn kan máa ń sọ pé torí kí wọ́n lè fìyà jẹ Jámánì àti Ítálì ni, mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń rò ó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ wo AJS ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: kompressor ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ya máṣíìnì wọn tí wọ́n ń pè ní Porcupine, bí sílíńdà ẹ̀ ṣe dùbúlẹ̀ gbalaja, nítorí kompressor ni, òfin dé bá wọn, wọ́n ní láti tún un ṣe kó máa mí fúnra ẹ̀. Òfin náà gún àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Máṣíìnì yẹn kan náà ni Les Graham fi gba oyè àgbáyé àkọ́kọ́.

Èkejì, wọ́n yọ Jámánì kúrò nínú ìdíje láàrin orílẹ̀-èdè. Kò sí ọmọ Jámánì tó lè bá wọn sá nígbà tí oyè àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní June 1949, ó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 kí wọ́n tó gbà wọ́n padà, ìdíje àgbáyé tó sì kọ́kọ́ wáyé ní Jámánì jẹ́ ti Solitude, nítòsí Stuttgart, ní 1952.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí June 1949 yẹn, torí òun ló máa ń ká mi lára jù. Ìdíje 500cc àkọ́kọ́ nínú ìtàn oyè àgbáyé, Isle of Man ni, Senior TT. Ta ló borí? Harold Daniell, ẹni tí Meier bá sá ní 1938 àti 1939, tó sì fi ọdún kan ju Meier lọ lọ́jọ́ orí. Ta ló gba oyè àgbáyé àkọ́kọ́ fún 350cc? Freddie Frith, ẹni tó wà lẹ́yìn Meier ní ipò kẹta ní 1939, gbogbo ìdíje márààrún ló kó lọ́dún yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní Meier ti darúgbó nígbà yẹn, kó wò ó dáadáa. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ń borí. Òun ni wọn ò gbà láyè láti dé ibẹ̀.

Kí ló ń ṣe nígbà náà? Ó ń sáré nílé. Nítorí pé Jámánì ò sí lábẹ́ òfin àgbáyé, kompressor ṣì ṣeé lò láàrin ara wọn, BMW tó gùn kógun tó dé ló sì tún padà sórí ẹ̀, ó ń bá Wiggerl Kraus tóun náà wà nínú BMW fà á, ó ń bá Heiner Fleischmann tó gun NSU fà á, ní ìlú tí ilé ṣì wó káàkiri, èrò á dúró lẹ́bàá ọ̀nà bí omi. Ó gba oyè Jámánì lọ́pọ̀ ìgbà láàrin 1947 sí 1953. Ní 1949 tí àwọn Daniell ń gba ife lókè òkun lọ́hùn-ún, òun ni wọ́n yàn ní Jámánì gẹ́gẹ́ bí eléré ìdárayá ọdún náà, kì í ṣe ti máṣíìnì nìkan o, ti gbogbo eré ìdárayá pátá.

Oyè àgbáyé dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Jámánì lẹ́yìn ìyẹn sha. Werner Haas gba ti 125cc àti 250cc ní 1953 pẹ̀lú NSU. Müller, ẹni tó ṣe ipò kìíní ní Reims lọ́jọ́ tí iná jó Meier lápá, gba ti 250cc ní 1955 nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 45. Ti 500cc tí Meier mọ̀, kò sí ọmọ Jámánì kankan tó gbà á.

1953 ni Meier fi eré sílẹ̀ lẹ́ni ọdún 42, ó gbájú mọ́ títa BMW ní Munich, ibẹ̀ ló sì kú sí ní February 19, 1999. Láti ọjọ́ yẹn ní June 1939, BMW ò tún borí Senior TT mọ́ títí Michael Dunlop fi gbà á ní 2014, ọdún 75 gbáko.